Ìka Tí Ìyá Hàwáù Tẹ̀ Síwèé

Omi ló jí Ìyá Hàwáù lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìpè àsùbá. Ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti wá bàtà rẹ̀, kó lè lọ ṣe àlùwàlá, àfi bí ẹsẹ̀ ṣe rì wọ omi títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé àlá lòun ṣì ń lá. Ó fa ẹsẹ̀ padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Omi ni. Omi tútù tó ń rùn bí ṣalángá.

"Subhanallah!" Ìyá àgbà pariwo. "Sarat! Sarat o! Odò ti wọlé wá bá wa!"

Sarat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, fò jáde láti yàrá kejì. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan, ó ti gbẹ̀bí nínú òkùnkùn, ó ti pa òkú ọmọ lójú dé, nǹkan kì í tètè já a láyà. Ṣùgbọ́n nígbà tó tan iná fóònù rẹ̀ sí pálọ̀, ẹnu rẹ̀ là, kò lè pa á dé. Bàtà ń léfòó kiri. Ìwé Jamilah ọmọ rẹ̀ ń léfòó. Àpò ẹ̀wà tó fara ti ògiri ti mumi yó, ó wú bí ikùn aláboyún. Òjò ti rọ̀ ju báyìí lọ ní Gyellesu, àdúgbò wọn nílẹ̀ Hausa, òjò tó ń ká páànù ti rọ̀ níbẹ̀, omi ò sì kọjá ẹnu ọ̀nà wọn rí.

Muhyideen ọkọ rẹ̀ jáde tẹ̀lé e, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Sìmẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé ló ń tà ní Sabon Gari.

"Òjò ni," ló sọ.

"Òjò kọ́, Bàbá Jamilah," Sarat dá a lóhùn. "Fẹ́ǹsì ni."

Muhyideen yíjú kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa bàtà.

Lẹ́yìnkùlé wọn gan-an ni fadama wà, ilẹ̀ àbàtà gbọọrọ tí gbogbo omi àdúgbò ń gbà lọ sínú odò. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin ló ń dáko níbẹ̀, Ìyá Hàwáù sì ni ìkẹrin wọn, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata ló ń gbìn. Ìwé ìjọba ló sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé oko ni ibẹ̀, ọ̀nà omi ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé sí i. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, Alhaji Abdulmutalib, ọlọ́rọ̀ ará Ọ̀yọ́ kan tó ń gbé ní Sabon Gari, fi búlọ́ọ̀kù yí ìdajì ilẹ̀ náà po. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fẹ́ kọ́. Kò dúró de ìwé. Fẹ́ǹsì rẹ̀ gba àárín gọ́tà kọjá, kò fi ihò kankan sílẹ̀ tí omi máa gbà, bẹ́ẹ̀ ni omi tó yẹ kó lọ sódò ṣe yí padà, tó wá ojú oorun Ìyá Hàwáù wá.

Òní yìí gan-an ni àwọn ará ọ́fíìsì ètò ìlú máa wá sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu aráàlú: ṣé kí wọ́n sọ ìyókù fadama náà di ilẹ̀ ilé, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Ata mi ńkọ́?" Ìyá Hàwáù béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra bí ọmọdé. "Muhyideen, ata tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́, ṣé ó kù níbẹ̀?"

"Màámá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́n omi yìí ná."

"Ajílẹ̀ tí ìjọba ní àwọn máa fún wa ńkọ́? Ṣebí òjò ni wọ́n ń dúró dè? Òjò náà rèé o."

Muhyideen gbé garawa, ó sì jáde síta. Ìyá rẹ̀ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi padé.

Títí oòrùn fi yọ, omi ni wọ́n ń gbọ́n. Jamilah, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń fi abọ́ gbọ́n tirẹ̀, ó ń fi Hausa ráhùn, torí Hausa ló yá a lẹ́nu jù bí inú bá ń bí i. Sitóòfù ò ṣeé tàn. Sarat fún ọmọ náà lówó kó lọ ra kókó, ògì àwọn Hausa, àti kòsáí, àkàrà wọn, lójú títì, gbogbo wọn sì jẹun lórí ìdúró, ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, abọ́ lọ́wọ́. Ìyá Hàwáù fi kòsáí kan sẹ́nu, ó wo àpò ẹ̀wà tó ti wú.

"Ẹ̀wà tiwa náà ti rẹ fún lílọ̀," ló wí. "Ata ló kù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Orí Iredọlá yọ lókè ògiri. Aládùúgbò wọn ni, Akíndélé ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì. Ó ti fi ìró sán ìbàdí, ẹrẹ̀ sì wà nínú irun rẹ̀.

"Ìyá Jamilah, ṣé ẹ̀yin náà rí i? Omi bo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Akíndélé mọ́lẹ̀ pátápátá! Ilé kẹta lọ́hùn-ún, ògiri yàrá kan ti wó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ò sí níbẹ̀."

"Ha!"

"Inú kànga ńkọ́? Ẹ wo inú kànga yín?"

Sarat sáré lọ síbi kànga, ó ṣí ìdérí rẹ̀. Omi ti kún dé ẹnu. Ó dúdú, ìfófò funfun sì ń lọ yípo lójú rẹ̀. Láàárín oṣù tó kọjá nìkan, ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n ti gbé wá bá a nílé ìwòsàn fún ìgbẹ́ gbuuru láti àdúgbò yìí, ó sì ti ń sọ fún àwọn ìyá wọn pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Ta ló máa se irú èyí? Ó dé ìdérí náà padà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bo òkú lójú.

"Lónìí," Iredọlá wí, "wọ́n á gbọ́ tẹnu wa lónìí. Gbogbo wa lẹ́yìn yín la wà. Bàbá Jamilah náà ń bọ̀, àbí?"

Sarat yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Sarat fi wọlé jáde káàkiri àdúgbò, tó ń gba orúkọ àwọn tí kò fẹ́ ètò náà. Ilé mọ́kàndínlógójì ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú tó kọ, èyí tó fẹ́ fi lé àwọn ará ọ́fíìsì náà lọ́wọ́ lónìí.

"Ẹ ń bọ̀, àbí?" òun náà béèrè.

"Wọ́n ń já ọjà fún mi láàárọ̀ yìí," Muhyideen dáhùn.

"Ọjà wo? Ilé yín rì sómi, ẹ ń sọ̀rọ̀ ọjà?"

"Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, Sarat. Ohun tí wọ́n máa ṣe, wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó wá. Dúró nílé, tọ́jú Màámá."

"Èmi ń lọ," Ìyá Hàwáù wí látẹ̀yìn wọn. Ó ti wọ hìjáábù rẹ̀, ó ti di bàtà mú lọ́wọ́. "Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè ajílẹ̀ mi."

"Màámá, kò sí ohun tí ẹ máa lọ ṣe níbẹ̀!" Muhyideen jágbe mọ́ ọn.

Kì í jágbe mọ́ ìyá rẹ̀. Jamilah pàápàá gbójú sókè. Orí Iredọlá rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

"Ẹ máà bínú," ọkùnrin náà wí. "Mo ní ẹsẹ̀ yín ni mò ń rò." Ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

*

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, kíláàsì tí wọ́n ń lò ti kún dé fèrèsé. Àwọn ọkùnrin jókòó lápá ọ̀tún, àwọn obìnrin lápá òsì, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé tó mú kí orúnkún àgbàlagbà kan àyà wọn. Gbogbo wọn ló ní ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Níwájú, mai unguwa, baálẹ̀ àdúgbò, jókòó pẹ̀lú ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ìlú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ jígí, tó ń fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ to ìwé rẹ̀. Alhaji Abdulmutalib wà lápá kan, ó wọ aṣọ funfun tí ẹrẹ̀ kan ṣoṣo ò ta sí. Ọlọ́pàá méjì fara ti ilẹ̀kùn.

Hausa ni ọ̀gá náà fi sọ̀rọ̀. Ó ní òun wá láti gbọ́ tẹnu àwọn tó fẹ́ àti tẹnu àwọn tí kò fẹ́.

Ọmọ yunifásítì kan ló kọ́kọ́ dìde, Ọlábánjí lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé inú ń bí àwọn ìyá òun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ní Samaru tí yunifásítì wà, àwọn márùn-ún ló ń sùn nínú yàrá kan. Ẹni tó bá pẹ́ẹ́ dé, abẹ́ tábìlì ló ń sùn. Àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì wọn ń gbé nílé tí kò ní géètì.

"Ibo lẹ fẹ́ ká gbé?" ló béèrè. "Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n ṣá máà kọ́ ọ sẹ́bàá tàwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni?"

Àwọn kan hó lé e lórí. Àwọn kan mi orí, torí òótọ́ ni. Sarat náà mi orí.

Nígbà tó kàn án, kò ka ìwé tó kọ rárá. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí wọ́n rí ẹrẹ̀ tó wà ní abẹ́ èékánná.

"Ọmọ wa ni Ọlábánjí, ó sì yẹ kó rí ibi sùn," ló fi Hausa sọ. "A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máà kọ́lé. Ibi tí omi ń sùn ni a ní kí wọ́n máà kọ́ ọ sí. Bí ẹ bá gba ibùsùn omi, ibùsùn tiwa ni omi ó wá gbà. Ó ti gbà á láàárọ̀ yìí. Ìdajì fadama ni wọ́n dí, ẹ sì wo ara wa. Bí wọ́n bá dí ìyókù ńkọ́? Ta ló máa kà wá? Èmi ni mò ń gba àwọn ọmọ yín lọ́wọ́ yín nílé ìwòsàn. Mo mọ iye wọn. Mo bẹ yín, ẹ máà jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkú."

Pàtẹ́wọ́ gba gbogbo kíláàsì. Iredọlá dìde dúró láti pàtẹ́ tirẹ̀. Lójú fèrèsé, láàárín àwọn ọkùnrin tí kò ráyè wọlé, Sarat rí fìlà kan tó mọ̀. Muhyideen ni. Ó ti wá náà. Ayọ̀ sọ nínú obìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Muhyideen gbé ojú sápá ibòmíràn.

Ọ̀gá ọ́fíìsì dúró kí ariwo rọlẹ̀. Ó nu jígí rẹ̀.

"Mo gbọ́ yín," ló wí, "ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ jù. A ti lẹ ìkéde sí ọ́fíìsì wa, a fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́, kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí wa. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìwé ìfohùnṣọ̀kan ni a rí gbà. Onílé méjìlá tí ilé wọn fara kan fadama yìí ló fọwọ́ sí i pé àwọn fẹ́ kí ilẹ̀ náà di ilẹ̀ ilé."

"Irọ́!" Iredọlá kígbe. "Onílé wo? Ẹ ka orúkọ wọn!"

"Ẹ ka orúkọ wọn!" gbogbo kíláàsì gbà á.

Mai unguwa fẹ́ dá a dúró, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ti ṣí ìwé. Ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn onílé tí kì í gbé ibẹ̀, àwọn tó ń fi ilé háyà láti Kaduna àti Abuja. Àwọn èèyàn ń kùn, wọ́n ń ṣépè. Ìkarùn-ún. Ìkẹfà.

"Ìkeje, Muhyideen Oyèládé."

Ariwo ilé náà gé bí ẹni pa rédíò. Iredọlá, tó ṣì wà lórí ìdúró, jókòó díẹ̀díẹ̀. Sarat ń wo ẹnu ọ̀gá náà bí ẹni pé orúkọ náà á padà síbẹ̀. Muhyideen mélòó ló wà ní Gyellesu? Mélòó ló ń jẹ́ Oyèládé? Ó yíjú sí fèrèsé. Fìlà náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tẹrí ba.

Ọ̀gá náà ka orúkọ tó kù tán, ó ṣí ojú ìwé mìíràn.

"Òfin tún sọ pé àwọn tó ń dáko níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n. Alhaji ti fún àwọn mẹ́ta ní ilẹ̀ mìíràn lọ́nà Danmagaji, wọ́n sì gbà á. Ẹni kẹrin náà ti tẹ̀ka, láìgba ohunkóhun. Ó ní òun fi í tọrẹ fún ìlọsíwájú àdúgbò." Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. "Hàwáù Oyèládé."

Ìyá Hàwáù ti ń tòògbé díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló jí i.

"Èmi rèé," ó dáhùn, ó ń gbìyànjú láti dìde. "Ṣé ajílẹ̀ náà ti dé?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì dá a dúró lójijì.

"Ẹ fìdí kalẹ̀, Màmá," ọ̀gá náà wí. "Ṣé ìka yín nìyí?" Ó dìde, ó gbé ìwé náà wá bá a, ó sì nà án síwájú rẹ̀. Ìtẹ̀ka aláwọ̀ búlúù kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tóbi, ó hàn kedere, pẹ̀lú àpá tó la àárín rẹ̀ kọjá. Ìyá Hàwáù wo ìwé náà. Ó wo àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀. Ọkọ́ ló gé e níbẹ̀, ó ti pẹ́. Ó tún wo ìwé.

"Ìka mi ni," ló wí.

"Ṣé ẹ fi ilẹ̀ oko yín sílẹ̀?"

"Ilẹ̀ wo? Wọ́n ní ìwé àwọn àgbẹ̀ ni. Wọ́n ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìjọba máa fún wa lájílẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ìyá Hàwáù ń fi ọwọ́ pa àpá àtàǹpàkò rẹ̀. Ọ̀gá náà yọ jígí. Ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní bí ẹnì kan bá tàn án jẹ, kó dárúkọ ẹni náà síbí, níṣojú gbogbo èèyàn. Ìwé náà á dànù lónìí, fadama á sì wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ńlá ni láti gba ìtẹ̀ka ẹni tí kò mọ̀wé lọ́nà ẹ̀tàn. Àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí ló máa mú ẹni náà lọ. Bí kò bá sì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìtẹ̀ka jẹ́ ìtẹ̀ka.

Ìyá Hàwáù gbójú sókè, ó wo fèrèsé. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó wo ibi tó yẹ kó wò. Ó dúró. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn ń dúró ni, bí ìyá ṣe ń dúró de ọmọ tó da nǹkan nù nínú ilé, kí ọmọ fúnra rẹ̀ wí pé èmi ni. Gbogbo orí tó wà nínú kíláàsì tẹ̀lé ojú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí wọ́n fi dé orí fìlà náà.

Muhyideen la ẹnu. Ó pa á dé.

Sarat ò lè fara dà á mọ́. Ó ti ń dìde, ọ̀rọ̀ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, nígbà tí ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ gbá a mú ní ọrùn ọwọ́ lábẹ́ hìjáábù. Kò mọ̀ pé irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣì kù lára arúgbó náà. Aláboyún tó ń rọbí lọ́wọ́ ló máa ń di nọ́ọ̀sì mú bẹ́ẹ̀.

"Mi ò rántí," Ìyá Hàwáù wí. "Ó ti pẹ́. Ọjọ́ orí ti dé."

"Màmá, ẹ rò ó dáadáa."

"Mo ní mi ò rántí."

Ọ̀gá náà wo mai unguwa. Mai unguwa wo ilẹ̀. Alhaji Abdulmutalib ń yí tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìwé padà sínú fáìlì, ọ̀gá náà sì fi bírò kọ nǹkan sí i, ìkọ̀wé kékeré kan báyìí, kò gùn ju orúkọ èèyàn lọ.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, àwọn èèyàn ń yà fún Sarat bí ẹni ń yà fún olóòkú. Àwọn tó ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Iredọlá nìkan ló sọ̀rọ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń sọ ọ́.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

*

Katapílà ti wà lójú títì látàárọ̀, wọ́n fi tapọ́lì bò ó. Kò sẹ́ni tó fura sí i. Kí àwọn èèyàn tó kírun ọ̀sán tán, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí fadama, ó ń hó, ó ń tu èéfín dúdú, ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta sì ń tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn jáde síta, wọ́n kàn ń wò ni. Ṣé ọjọ́ kan náà? Ṣé wákàtí kan náà?

Ìyá Hàwáù wọ inú ẹrẹ̀ lọ síbi oko rẹ̀. Ata tó lọ́ ti bómi lọ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kù lórí ebè tó ga díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń já a. Ọmọkùnrin tó ń wa katapílà pa ẹ̀rọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi Hausa bẹ̀ ẹ́ pé kí Hàjíà máà bínú, iṣẹ́ ni wọ́n rán òun.

"Ìwọ kọ́," Ìyá Hàwáù dá a lóhùn. "Jẹ́ kí n já eléyìí tán."

Ọmọ náà jókòó sórí kẹ̀kẹ́ irin ọkọ̀ rẹ̀, ó ń dúró. Jamilah ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà rẹ̀, ó ń já, ó ń sunkún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, Iredọlá dé pẹ̀lú abọ́ ńlá. Kò kí wọn. Ó bọ́ bàtà, ó wọnú ẹrẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n já ẹ̀fọ́ títí abọ́ fi kún, wọ́n sì gòkè wá. Ẹ̀rọ náà tún hó. Nígbà tí yẹ̀pẹ̀ pupa àkọ́kọ́ balẹ̀, omi fò sókè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀nà.

Muhyideen kò wọlé títí ó fi kù díẹ̀ kí wọ́n pèrun màgàríbì. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọ ilé ìdáná, níbi tí Sarat ti ń ro túwó lórí iná igi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé mo jalè ni?" ló wí. "Ta ni mo ṣe é fún? Oṣù mẹ́rin ni mi ò ta irin kan ṣoṣo. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kí n lè jókòó wo ojú títì. Alhaji ní gbogbo sìmẹ́ǹtì ilé wọ̀nyí, ọwọ́ mi lòun ó ti rà á. Ó ní wọ́n á la gọ́tà ńlá. Ó búra fún mi."

Sarat ń rokà lọ.

"Mo rò pé omi ò ní dé ọ̀dọ̀ wa."

"Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ rò pé ó máa dé?"

Sarat gbé igi ìrokà dúró.

"Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ga rárá. "Lórí tábìlì yẹn ni mo ti kọ ìwé ẹ̀hónú. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, ẹ̀yin lẹ bá mi mú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ dúró lẹ́yìn mi títí mo fi kọ ọ́ tán, ẹ tiẹ̀ ní kí n ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ kan. Kí lẹ ń rò nígbà yẹn, Bàbá Jamilah? Kí lẹ ń rò lẹ́yìn mi níbẹ̀?"

Muhyideen fi ọwọ́ nu ojú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí yàrá ìyá rẹ̀.

Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì náà sókè. Ìyá Hàwáù jókòó lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀fọ́ sínú abọ́ tó wà lórí itan.

"Màámá," ọmọ rẹ̀ pè é.

Obìnrin náà gbé ojú sókè. Ó wò ó jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti mọ ibi tí òun ti rí i rí.

"Ẹ kú àbọ̀, sà," ló wí.

Muhyideen rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ọdún méjìléláàádọ́ta ló ti wà lórí ilẹ̀ ayé, ẹnu yìí ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

"Màámá, èmi ni. Muhyideen ni."

"Mo rí yín. Ṣé ọjà tà?"

Ojú rẹ̀ ò le. Ohùn rẹ̀ ò sì ní ẹ̀gàn kankan nínú. Bó ṣe máa ń kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá wá ka owó iná ló ṣe kí i. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ yàrá náà, pẹ̀lú aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ sì kanlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Màámá. Ẹ lù mí. Ẹ ṣépè fún mi."

"Ha, ẹ dìde, sà. Aṣọ yín á dọ̀tí." Ìyá Hàwáù sún abọ́ ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jókòó sórí àga. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bù fún yín lómi."

Nínú ilé ìdáná, Jamilah gbọ́ ohùn ìyá àgbà rẹ̀. Ó wo Sarat.

"Màámá, àlejò wo ló wá?"

Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ìkòkò, ó ń rokà lọ. Ọmọ náà yára bu omi sínú ife, ó gbé e sórí àwo, ó fa ìborí rẹ̀ wá síwájú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa ṣe níwájú ẹni tí kò mọ̀. Ó wọlé lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé omi náà dání, ó sì ń fi ojú wá àlejò kiri inú yàrá.